Ìdérí Mẹ́wàá

Mosúnmọ́lá ní ìgbà mẹ́wàá lòun ó gun Olúmọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo,
láti ìgbà tí wọ́n bá ṣí géètì títí wọn ó fi tì í.
Mo ní, "Ṣé orí rẹ pé?"
Ó ní orí òun pé; ẹsẹ̀ òun ni kò tíì dá òun lóhùn.

Orúnkún tèmi ti kọ òkè sílẹ̀.
Nítorí náà ó fi mí ṣe akápò:
àga onírọ́bà kan nísàlẹ̀ àpáta, ìwé àkọsílẹ̀,
omi tútù nínú kúlà,
àti ìdérí ìgò mẹ́wàá nínú ike.
"Bí mo bá gòkè tí mo sọ̀ kalẹ̀, ju ọ̀kan sápò.
Má fi orí kà á. Mo mọ̀ ọ́."

Télọ̀ kan ní Ìtòkò ṣèlérí ẹgbẹ̀rún náírà lórí ìgòkè kọ̀ọ̀kan.
Ní ìkẹfà ó pè mí lórí fóònù,
ó ní ṣé kì í rẹ obìnrin yìí ni.
Ìyá aláró kan wá láti Ìtòkú, kò ṣèlérí,
ó kó owó wẹ́wẹ́ fún mi nínú ọ̀rá,
ó fi ìka tí aró ti pa láró kan àyà ara rẹ̀
lẹ́ẹ̀kan péré, ó lọ.
Mo kọ "Ẹnìkan" sínú ìwé.

Ọmọdé kan bi í pé kí ló dé tí kò wọ ẹ̀rọ agbénigòkè.
Ó ní, "Ìyá mi ò rí ẹ̀rọ wọ̀."

Ìyá rẹ̀ fi ọ̀já di àyà fún ọdún méjì gbáko.
Ó ní eéwo ni. Ó ní òtútù ni.
Àwa tí a rí i tó ń rù, a ní àwẹ̀ ni.
Ìtìjú la kọ́kọ́ fi sin ín, kí a tó fi iyẹ̀pẹ̀ sin ín.

Àwọn baba wa sá wọ abẹ́ òkúta yìí nígbà ogun,
ó gbà wọ́n, mi ò jiyàn.
Ṣùgbọ́n ogun kan wà tó ń bá ni wọ abẹ́ àpáta,
tó ń bá ni wọ inú kọ́mú,
tó jẹ́ pé ìsápamọ́ gan-an ló ń bọ́ ọ.

Ní ìkeje, ó ń di àpáta mú bí ẹni tí ń bẹ̀ ẹ́.
Ní ìkẹjọ, bàtà òsì rẹ̀ ya ẹnu.
Ó ní láti òkè, gbogbo páànù ìlú ló dípẹtà bákan náà,
èèyàn ò lè mọ ilé tí wọ́n ti ń sunkún.

Lẹ́yìn ìkẹsàn-án, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ti géètì.
Ó ní iṣẹ́ ni; ó fi ẹgbẹ̀rún méjì sínú ìwé mi.
Mosúnmọ́lá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún nítorí ọ̀kan.
Mo ní owó àyẹ̀wò obìnrin mọ́kànlélógójì ló wà lọ́wọ́ mi.
Ó ní òun mọ̀.
Ó ṣì ń sunkún.

Lóru, mo dúró níwájú dígí.
Ohun tó ti ń kọ́ gbogbo obìnrin ìjọ wa
tí mo ń ṣe bí ẹni tí ń gbọ́,
ìka mẹ́ta, yípo, yípo, láti abíyá wá,
mo ṣe é. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ rèé.
Ọwọ́ mi ń gòkè, ó ń sinmi, ó ń gòkè.
Lápá òsì, ó dúró.

Ó lè má jẹ́ nǹkan kan.
Mo pè é. Aago mọ́kànlá. Kò jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì.
"Ọjọ́ Ajé," ló wí, "aago méje, Ìdí-Aba."
Ó ní òun ló máa gbé kúlà lọ́tẹ̀ yìí.

Ìdérí kẹwàá wà lójú fèrèsé.
Mi ò tíì jù ú sápò.